Àdírẹ́sì Dókítà Adelé

Ojú oorun ni ọkùnrin náà wà nígbà tí obìnrin kan kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin náà jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó sì fi ìka ọwọ́ ọ̀tún méjì lé ọrùn-ọwọ́ òsì, bí dókítà ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ mọ bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù. Àmọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló dì mú. Báàgì ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí táyà rẹ̀ kan ti yọ, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri kó má baà ṣubú.

Obìnrin tó ń wò ó yìí ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Ìyá Fáìlì, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ, kò sì tíì lọ́kọ. Iṣẹ́ ló fún un lórúkọ. Àwọn dókítà kan wà tí wọn kì í ṣe ti ilé ìwòsàn kankan. Bí dókítà onípò bá lọ ìsinmi tàbí ó lọ bímọ, wọ́n á lọ bá a di àyè rẹ̀ mú, oṣù méjì níbí, oṣù mẹ́ta lọ́hùn-ún. Dókítà adelé ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìyá Fáìlì ló ń múra wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ tuntun. Ó ń to ìwé-ẹ̀rí wọn, ó ń wá ọ̀gá tó máa jẹ́rìí sí wọn, ó sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fèsì níwájú ìgbìmọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà lẹ́nu ẹ̀, ó sì ti rán ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ síbi tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò dé rí.

"Dókítà, ṣé ara yín le?"

Ọkùnrin náà lajú, ó jọ̀wọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ṣì ń lù. Mo kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọn ò tíì gbé e fún ẹlòmíì ni."

"Kí ni wọ́n fẹ́ gbé fún ẹlòmíì?"

"Ọkàn mi ni. Gbogbo ohun tí mo bá lò ni wọ́n ń gbé fún ẹlòmíì tí mo bá ti lọ. Yàrá mi, àga mi, títí kan ife tí mo fi ń mu tíì."

Ìyá Fáìlì kò rẹ́rìn-ín. "Èmi kì í bá dókítà rẹ́rìn-ín kí n tó rí ìwé-ẹ̀rí," ó ní. "Ẹ gbé ẹrù yín wọlé."

Inú páálí oògùn tí wọ́n fi okùn dì ni ìwé ọkùnrin náà wà. Ìyá Fáìlì tú u sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, orí rẹ̀ sì ń mì. Ibi iṣẹ́ mọ́kànlá ni, láàárín ọdún mẹ́fà. Èyí tó pẹ́ jù níbẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́rin. Iṣẹ́ tó wá ń wá báyìí wà ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan, oṣù mẹ́wàá gbáko, nítorí pé dókítà tó ni ipò náà ń lọ kàwé sí i. Iṣẹ́ tí gbogbo adelé ń lé ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi múra, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ìyá Fáìlì á wọ gíláàsì, á ki ohùn rẹ̀ nípọn, á di alága ìgbìmọ̀.

"Dókítà, ibi iṣẹ́ mọ́kànlá láàárín ọdún mẹ́fà. Kí ló dé tí ẹ kì í dúró síbì kan?"

"Oúnjẹ ilé ìwòsàn ni, Mà. Mo ń wá ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n sè."

"Wọn ò gbà yín. Ẹ tún un sọ."

"Mo fẹ́ràn kí n máa pàdé ènìyàn tuntun."

"Irọ́ lẹ pa. Lọ́jọ́sí ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù kí ọ̀gá mi má baà bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ tún un sọ."

Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta tí dókítà máa fèsì. Ó kàn ń wo ìbòrí páálí rẹ̀. Ìyá Fáìlì bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, ó sì bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Kò sí adelé tí kì í mì tó bá dé ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ti eléyìí jọ pé ó kan egungun.

Ìsàlẹ̀ páálí yẹn ni Ìyá Fáìlì ti rí ohun tó mú ọkàn rẹ̀. Bí adelé bá fẹ́ kúrò níbi iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìfàlélọ́wọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, láti sọ ibi tí ìtọ́jú aláìsàn kọ̀ọ̀kan dé. Orúkọ àìsàn àti oògùn ni àwọn yòókù máa ń kọ. Ìwé ti ọkùnrin yìí yàtọ̀.

"Ọmọbìnrin orí ibùsùn kẹrin kì í gbé oògùn mì àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fún ọmọláńgidi rẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹ má fi ṣeré o, ikọ́ ọmọláńgidi náà le." Ní ìwé mìíràn: "Bàbá tó wà lẹ́bàá fèrèsé máa ní kò sí ibi tó ń dun òun. Ẹ wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá ká a kò, irọ́ ló ń pa." Ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í yàtọ̀: "Mo ti lọ. Ẹ bá mi tọ́jú wọn."

Ìyá Fáìlì ka ti iṣẹ́ mẹ́wàá tó ti parí tán láì gbórí sókè. Ẹni tó máa ń rí ènìyàn báyìí, kí ló ń lé e kiri? Nígbà tó fi máa rántí tíì tó wà níwájú rẹ̀, ó ti tutù, ọkàn tirẹ̀ sì ti lọ. Ìfẹ́ ni. Kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é, òun náà kò sì wá òmíràn fún un.

Ní Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó dé ọ́fíìsì, ó bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí ìwé ńláńlá méjì. Dókítà náà jókòó síwájú tábìlì bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

"Ta ló gbé kọ̀ǹpútà mi gun òkè?"

"Ọrùn ń dùn yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tí ẹ bá ti ka ìwé tó márùn-ún, ẹ máa ń fọwọ́ tì í."

"Ta ló bi yín?"

"Aláìsàn kì í bi wá, Mà. Àwa là ń bi wọ́n."

Ìdènà kan wà nílé. Ìyá Ìyá Fáìlì, tó ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, fẹ́ ọkọ tó ń bá àwọn tó ń la ọ̀nà ọkọ̀ ṣiṣẹ́ láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lọkọ náà ń wálé. Ọjọ́ tó kú, inú àpótí ìrìnàjò ni wọ́n ti bá gbogbo aṣọ rẹ̀, kò tilẹ̀ sí ẹyọ kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé. "Àpótí ni mo fẹ́, èmi ò fẹ́ ọkọ," ni ìyá máa ń wí. Nígbà tí ọmọ dọ́gbọ́n mẹ́nu ba dókítà adelé kan, ìyá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ṣé èyí tó ń lọ ni, àbí èyí tó ń bọ̀?" Ọmọ ní iṣẹ́ lásán ni àwọn jọ ń ṣe. Ìyá wò ó títí, ó padà sídìí aṣọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni fọ́ọ̀mù iṣẹ́ oṣù mẹ́wàá náà máa tì lórí kọ̀ǹpútà, ní aago mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ ti pé àfi ojú ìlà kan: àdírẹ́sì ilé tí ẹ ń gbé, kì í ṣe ti ibi iṣẹ́. Dókítà náà ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé òun kò ní. Àwọn òbí rẹ̀ ti kú, yàrá tí ilé ìwòsàn bá fún un ló ń sùn sí. Kọ̀ǹpútà kò gba òfìfo. Ìyá Fáìlì pe fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kò gbé e. Inú yàrá iṣẹ́ abẹ ló wà. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjìlá.

Ìwé kan wà lára ògiri lókè orí rẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún gbogbo àwọn dókítà: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ KỌ OHUN TÍ KÌ Í ṢE ÒÓTỌ́ SÍNÚ FỌ́Ọ̀MÙ. Kò gbójú sókè. Ó kọ nọ́ńbà ilé ìyá rẹ̀ síbẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni dókítà pe padà. Ìyá Fáìlì jẹ́wọ́ fún un.

"Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ìyá yín ni mò ń gbé."

"Lórí ìwé ni."

"Ṣé fèrèsé wà ní yàrá mi?"

Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu Ìyá Fáìlì. Ó fọwọ́ bo fóònù kó má gbọ́, àmọ́ ó gbọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa lé e bá. Irọ́ tirẹ̀ kò rìn ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá lẹ́tà kan lórí tábìlì, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í.

"Àlejò wo ló ń gbé nílé mi tí mi ò mọ̀?"

"Màmá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé."

"Ṣé orí àjà ló ń sùn ni? Kó yáa sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun."

Lẹ́tà náà kò ṣeré ní tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan láti ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ń bọ̀ ní Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá, láti wò ó bóyá dókítà ń gbé ibẹ̀ lóòótọ́. Bó bá jẹ́ irọ́, wọ́n máa yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn adelé pátápátá. Ìyá Fáìlì jókòó. Ìka ọwọ́ òun ló fẹ́ fi ba iṣẹ́ ọkùnrin náà jẹ́, ìka yìí kan náà tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tún un ṣe.

Ó ròyìn lẹ́tà náà fún dókítà lórí fóònù. Ọjọ́ Àìkú ni dókítà wá, òun àti báàgì rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kọkànlá ti parí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Báàgì ni ìyá kọ́kọ́ rí.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ níta. Àpótí ọkùnrin ò wọ ilé yìí mọ́."

Ó fi í sílẹ̀ nínú àgbàlá. Ó wọlé, ó tẹrí ba, ó kí ìyá dáadáa, ó sì yọ ìwé kan lápò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀dà lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn náà láàárọ̀ rèé. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ." Ó kà á. "'Àdírẹ́sì tó wà nínú fọ́ọ̀mù mi kì í ṣe tèmi. Mi ò nílé. Ẹni tó kọ ọ́ ń ṣàánú mi ni. Ẹ̀bi mi ni, nítorí ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti yẹ kí n wá ilé, mi ò wá a. Tí ẹ bá yọ orúkọ mi, mi ò ní í jiyàn.'"

Inú bí Ìyá Fáìlì. "Ẹ ti fi ránṣẹ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi to fáìlì yẹn!"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sára ògiri."

"Ara ògiri ni mo kọ ọ́ sí, mi ò ní kí ẹ fi pa ara yín!"

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Gbogbo ìwé-ẹ̀rí ọkùnrin náà wà nínú báàgì yẹn, Ìyá Fáìlì sì mọ̀. Ó wo dókítà, dókítà kò dìde. Wọ́n ní kó fi í síta, ó sì fi í síta.

Ìyá ló fọhùn. "Dókítà, kí ló dé tí ẹ kì í dúró síbì kan?"

Ìyá Fáìlì mí kanlẹ̀. Ìbéèrè tí kò dáhùn rí nìyẹn.

"Adelé kì í pẹ́, Mà," ọkùnrin náà wí pẹ̀lẹ́. "Kò ní pẹ́ débi tí wọ́n á fi mọ ibi tí kò dáa lára rẹ̀. Mo máa ń lọ kí wọ́n tó mọ̀."

"Ibo ni kò dáa lára rẹ?"

"Mi ò tíì pẹ́ níbì kankan débi tí èmi náà fi máa mọ̀."

Ìyá wò ó. Ó dìde, ó jáde sínú òjò, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ báàgì onítáyà kan náà wọlé, ó ń ráhùn pé ó wúwo.

"Ilé làbọ̀ sinmi oko," ó ní bó ṣe ń nu orí. "Yàrá kan wà lẹ́yìn. Ìwé ló mú orúkọ rẹ wọ ilé yìí, ìwà ló máa mú ọ dúró. Oṣù mẹ́wàá ni mo fún ọ." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà gbọ́ o. Ọjọ́ tó bá gbé àpótí yẹn jáde, o ò ní tẹ̀ lé e."

Ọmọ rẹ̀ ní òun gbọ́.

Ilé ìwòsàn fún un ní ọjọ́ méje kó tún àdírẹ́sì náà kọ. Ní Ọjọ́rú, òṣìṣẹ́ náà bi ìyá bóyá dókítà ń gbé ibẹ̀. "Láti ọjọ́ Àìkú," ni ìyá fèsì, ó sì bi í bóyá ó máa mu omi. Ní ọ́fíìsì, ọ̀gá fún Ìyá Fáìlì ní kúẹ́rì, oṣù mẹ́ta ni kò fi gbọdọ̀ buwọ́ lu fáìlì kankan. Ó gbà á. Níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n bi dókítà ní ìbéèrè ọjọ́sí. Ohun tó sọ fún ìyá ló sọ fún wọn, wọ́n sì gbà á síṣẹ́.

Wákàtí méjì ni ibi iṣẹ́ náà sí ilé, téèyàn bá wọ bọ́ọ̀sì. Lọ́sẹ̀ méjìméjì ló ń wálé. Òun àti Ìyá Fáìlì á jókòó sẹ́yìnkùlé, ọ̀rọ̀ á gbóná, tíì á tutù.

"Adelé mi," obìnrin náà pè é lọ́jọ́ kan.

"Adelé ta ni mo jẹ́ lọ́kàn rẹ? Ta ló ni àyè tí mò ń bá a dì mú?"

"Àyè yẹn ò lónípò rí. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́."

Ọkùnrin náà kò yọ̀ mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ìka méjì lórí ọrùn-ọwọ́, ó sì ní ọkàn rẹ̀ ń yára lù jù.

Inú Ìyá Fáìlì dùn, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Báàgì náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà á mú ṣẹ́ẹ̀tì jáde, á wọ̀ ọ́, á fọ̀ ọ́, á ká a padà sínú báàgì. Kọ́bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, òfìfo ni. Oṣù ń gun orí oṣù. Ìyá kò sọ̀rọ̀. Ó kàn máa ń wo báàgì, á sì wo ọmọ rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án tí dókítà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, iṣẹ́ tuntun kan wọ ọ́fíìsì. Ọ̀nà jíjìn ni, ọdún méjì, owó ibẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀gá ní, "Dókítà yín ló yẹ. Ẹ múra fáìlì rẹ̀." Ìyá Fáìlì lè fi ìwé náà pamọ́. Ó rò ó ní ọ̀sán kan gbáko. Àmọ́ ọkùnrin tí wọ́n bá fi ìwé tó sọnù dì mú, ìwé ni wọ́n dì mú, kì í ṣe ọkùnrin. Ó to fáìlì náà dáadáa, dáadáa ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ó sì kọ̀wé pè é fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án. Alẹ́ ọjọ́ náà, ó sunkún díẹ̀, ó bọ́jú, ó sùn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá a lórí àga ẹnu ọ̀nà, ìka méjì lórí ọrùn-ọwọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ là.

"Ṣé ó ṣì ń lù?"

"Ó ń lù. Wọn ò tíì gbé e fún ẹlòmíì."

Wọ́n wọlé. Ìyá Fáìlì wọ gíláàsì, ó ki ohùn nípọn, ó ka iṣẹ́ náà fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò fo owó ibẹ̀. "Ìgbìmọ̀ máa bi yín. Ibi iṣẹ́ méjìlá láàárín ọdún méje. Kí ló dé tí ẹ kì í dúró síbì kan?" Ó bọ́ gíláàsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

 Dókítà yọ ìwé kan lápò, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ìwé ìfàlélọ́wọ́ ni.

"Obìnrin tó wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé: ọrùn máa ń dùn ún tí kọ̀ǹpútà bá wà nísàlẹ̀. Kì í rántí mu tíì rẹ̀. Tó bá ní òun ò bínú, ẹ wò ó bóyá ó ń nu gíláàsì. Tó bá ń nù ún, irọ́ ló ń pa."

Ọwọ́ Ìyá Fáìlì dúró lórí gíláàsì. Ó wo ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí "Mo ti lọ" máa ń wà.

"Mi ò lọ mọ́. Mi ò fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

"Dókítà onípò yẹn ò padà mọ́," ọkùnrin náà wí. "Wọ́n ní kí n dúró, mo sì ti gbà. Mo tún ní ìwà tí kò dáa o. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Màmá kọ mẹ́fà sílẹ̀ fún mi."

Ìgbà náà ni Ìyá Fáìlì wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Báàgì yín dà?"

"Mo ti fún Màmá. Wọ́n ti kó àjákù aṣọ sínú rẹ̀. Aṣọ mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù." Ó sún mọ́ tábìlì. "Ìyá Fáìlì, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Obìnrin náà ti fáìlì ọ̀nà jíjìn pa, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi lé ròrò lójú rẹ̀, kò nù ún.

"O mọ̀ pé èmi kì í bá dókítà rẹ́rìn-ín kí n tó rí ìwé-ẹ̀rí," ó ní. "Ìwé-ẹ̀rí dà?"

"Èyí tó kù, a jọ máa buwọ́ lù ú ni."

Ìyá Fáìlì bú sẹ́rìn-ín, tó fi jẹ́ pé ọ̀gá yọrí láti yàrá kejì wá wò ó.